Ìdí tí bougainvillea ilé yín fi ń yọ ẹ̀gún dípò òdòdó, àti bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀

Bougainvillea ni fúláwà ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń gun fẹ́ǹsì, tí òdòdó rẹ̀ dà bíi bébà: ẹlésè àlùkò, pupa, funfun, aláwọ̀ ọsàn. Ẹ gba GRA Ìlọrin kọjá nínú oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ti sọ koríko di pàǹtí, ẹ ó rí i tó bo fẹ́ǹsì látòkè délẹ̀, òdòdó kò jẹ́ kí ẹ rí ewé. Ẹ padà gba ibẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ: ewé tutù yọ̀yọ̀, ẹ̀gún gùn bí abẹ́rẹ́, òdòdó dà? Igi náà kò ṣàìsàn o. Ó yó ni.

Ẹ wo ibi tí ewé rẹ̀ ti so mọ́ ẹ̀ka. Ojú kékeré kan wà níbẹ̀. Ojú yẹn ló ń di ẹ̀gún, òun kan náà ló ń di òdòdó. Bí omi àti ajílẹ̀ bá pọ̀ jù, tí ibòji sì bò ó, ẹ̀gún ni yóò yọ. Bí oòrùn bá ń pa á dáadáa, tí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀, tí alẹ́ sì gùn, òdòdó ni. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń bomi rin ín lójoojúmọ́ fi ń ṣe wàhálà fún ẹ̀gún.

Ohun tí à ń pè ní òdòdó rẹ̀ pàápàá, ewé ni. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n máa ń wà pa pọ̀. Òdòdó gidi ni ohun funfun kékeré, tí kò tóbi ju orí ìṣáná lọ, tó wà láàrin wọn. Nítorí pé ewé ni, ó máa ń pẹ́ lórí igi, bó bá sì gbẹ, àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣí. Bràsíìlì ló ti wá, orúkọ rẹ̀ sì ti ara Louis-Antoine de Bougainville wá, ará Faransé tó fi ọkọ̀ ojú omi yí ayé ká láàrin 1766 sí 1769. Ṣùgbọ́n ẹbí rẹ̀ kò jìnnà sí wa: ìbátan ètìpọ́nlá ni. Ẹni tó bá ti rí bí ètìpọ́nlá ṣe ń gbilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà láìsí ẹni tó bu omi sí i, ó ti mọ ìwà ìdílé wọn.

Ibi tí ẹ ó gbìn ín sí

Oòrùn wákàtí 6 lójúmọ́, ó kéré tán. Abẹ́ máńgòrò kò ṣe é, ẹ̀yìn ilé tí oòrùn kì í dé kò ṣe é. Ilẹ̀ pupa tó ní yangí, tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó kórìíra ni kí omi dúró sí i nídìí. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó 45 sẹ̀ǹtímítà, kí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi dígà fọ́ yangí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ da omi kún un. Bí omi náà bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ẹ kó ilẹ̀ jọ bí ebè ńlá kí ẹ gbìn ín sórí rẹ̀.

Ẹ fi mítà kan sílẹ̀ láàrin rẹ̀ àti ògiri. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ọgbà yí ilé ká, mítà kan sí mítà kan ààbọ̀ láàrin igi kan sí èkejì ti tó. Ẹ má gbìn ín sí ẹnu géètì níbi tí ọmọdé ti ń sáré kọjá.

Bí a ṣe ń gé e gbìn

Ẹ kò nílò láti rà á. Bí aládùúgbò bá ní in, ẹ tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ rẹ̀ nínú oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún, tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀. Ẹ̀ka tó tutù, tó rọ̀, yóò jẹrà. Èyí tó ti gbó jù yóò pẹ́ kó tó sọ. Èyí tí èèpo rẹ̀ ti ń kúrò ní àwọ̀ ewé bọ́ sí àwọ̀ eérú, tó nípọn bíi pẹ́ńsùlù, ni kí ẹ mú. Ẹ gé e ní 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, kí oríkèé mẹ́rin wà lára rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ tó mú gé e, torí àdá tó ti kú máa ń fọ́ èèpo, ibẹ̀ ni ìjẹrà ti ń wọlé. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ní abẹ́ oríkèé gan-an; òkè ni kí ẹ gé pẹlẹbẹ. Ẹ ó fi èyí mọ orí yàtọ̀ sí ìdí, nítorí ẹni tó bá dojú rẹ̀ délẹ̀ gbìn ín, kò ní í rí nǹkan kan. Ẹ já gbogbo ewé ara rẹ̀ kúrò.

Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ti tó fún un. Ẹ lu ihò mẹ́rin sí ìdí ọ̀rá náà, ẹ po yanrìn odò méjì mọ́ ilẹ̀ òkè kan (agolo mílíìkì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n), ẹ rọ ọ́ kún. Ẹ fi igi lu ihò láàrin rẹ̀ kí ẹ tó ti ẹ̀ka bọ̀ ọ́, kí oríkèé méjì wọlẹ̀, méjì yòókù kí ó wà lókè. Ẹ fi ìka tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn, ẹ bomi sí i lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbé e sí ibòji. Lẹ́yìn náà, ìgbà tí ojú ilẹ̀ bá gbẹ nìkan ni kí ẹ tún bomi sí i. Ẹ gé mẹ́wàá bí mẹ́ta bá jẹ́ ohun tí ẹ nílò. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni yóò mú.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pa á. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ewé kékeré á yọ lórí rẹ̀, inú onílé á dùn, á fà á wò. Oúnjẹ tó wà nínú igi náà tẹ́lẹ̀ ló fi yọ ewé yẹn. Kò tíì ta gbòǹgbò kankan. Ẹ ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, títí gbòǹgbò yóò fi yọ jáde ní ihò ìsàlẹ̀ ọ̀rá. Kí ẹ tó gbé e sínú ilẹ̀, ẹ máa sún un sínú oòrùn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Gbòǹgbò rẹ̀ gbẹgẹ́ gan-an. Ẹ má di ìdí igi mú láti fà á yọ. Ẹ fi abẹ fẹ́lẹ́ la ọ̀rá, kí ẹ gbé odidi ilẹ̀ tó rọ̀ mọ́ ọn sínú ihò láìjẹ́ kó fọ́. Bí ilẹ̀ yẹn bá túká lọ́wọ́ yín, igi náà lè jókòó láìdàgbà fún oṣù méjì, tàbí kó kú.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín sínú ìkòkò, ìkòkò amọ̀ dára ju ti rọ́bà lọ, torí amọ̀ ń jẹ́ kí ọ̀rinrin jáde. Ní Dàdà, ní Òkèléle, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò ní Ìlọrin, ẹ bẹ amọ̀kòkò kí ó lu ihò sí ìdí rẹ̀ kí ó tó sun ún. Ìkòkò tí a bá lu lẹ́yìn tó ti jiná máa ń sán. Kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kò gbọdọ̀ tóbi jù: bí ààyè bá há mọ́ gbòǹgbò ni igi yìí ń tanná. Ilẹ̀ méjì, yanrìn kan, ìgbẹ́ màálù kan. Ìgbẹ́ màálù tí ẹ bá kó ní gáà gbọ́dọ̀ ti pé oṣù mẹ́ta, kí ó ti gbẹ, kí ó ti di lúúlúú. Èyí tó ṣì gbóná yóò jó gbòǹgbò.

Omi àti ajílẹ̀

Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ló nílò ìkẹ́: lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ nígbà tí òjò kò bá rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó wà nínú ilẹ̀ lè gba bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó sì tó o. Ti ìkòkò yàtọ̀, ọyẹ́ máa ń tètè gbẹ ẹ́. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bó bá gbẹ, ẹ bomi sí i títí yóò fi máa kán nídìí, bó bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà tàbí lẹ́yìn alásárì ni ó yẹ, kì í ṣe lọ́sàn-án gangan.

Bí ẹ bá fẹ́ kó tanná nínú oṣù Kọkànlá, bí òjò bá ti dá, ẹ dá omi dúró. Ẹ jẹ́ kí etí ewé rẹ̀ kọ́kọ́ rọ díẹ̀, kí ẹ tó bu omi tó pọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ti ajílẹ̀, NPK 15-15-15: ṣíbí ìmutí kan fún ìkòkò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 nígbà òjò, ìkúnwọ́ kan fún èyí tó wà nínú ilẹ̀, nínú oṣù Karùn-ún àti ìparí oṣù Kẹsàn-án. Kí ó jìnnà sí ìdí igi tó 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ má fi yúríà sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìgbẹ́ adìyẹ púpọ̀, àyàfi bó bá jẹ́ ewé ni ẹ fẹ́ wò.

Gígé

Orí ẹ̀ka tuntun ni òdòdó ti ń yọ, nítorí náà igi tí a kò gé yóò máa gùn ni, ìdí rẹ̀ á ṣófo. Bí òdòdó bá ti rẹ̀ tán nínú oṣù Kẹrin, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kúrò. Ẹ tún un gé díẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹni tó bá gé e nínú oṣù Kọkànlá kí ilé lè mọ́ fún ọdún, òdòdó ọdún yẹn ló gé dànù. Àwọn ẹ̀ka gbọọrọ tó ta gbáà láti ìdí, tí ẹ̀gún wọn tóbi, tí wọn kì í tanná, ẹ gé wọn látìdí nígbàkígbà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí ẹ kó gbogbo ẹ̀ka tí ẹ gé. Ẹ̀gún rẹ̀ tó bá gbẹ lójú ọ̀nà ń lu táyà ọ̀kadà.

Bí nǹkan bá yí

Bí ewé bá pọ́n bí ìyeyè, tí iṣan ewé ṣì tutù, ẹ wádìí bóyá àwọn bírìkìlà ti sin àfọ́kù sìmẹ́ńtì síbẹ̀. Sìmẹ́ńtì, àti eérú tí àwọn kan ń dà sí i, kì í jẹ́ kí igi rí irin ilẹ̀ fà. Ẹ wú àfọ́kù náà kúrò, kí ẹ fi ewé tó ti jẹrà bo ìdí rẹ̀. Bí gbogbo ewé bá pọ́n tí wọ́n sì ń re, tí ilẹ̀ sì tutù, omi ló pọ̀ jù. Kòkòrò funfun bí òwú ní abẹ́ ewé: ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, kí ẹ fín in nírọ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ikán kì í sábà dààmú igi ńlá, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ẹ̀ka tuntun tí a gé gbìn. Ewúrẹ́ náà ń jẹ ẹ́ nígbà tí ẹ̀gún rẹ̀ ò tíì le; ẹ fi nǹkan yí i ká títí yóò fi ga tó ìbàdí.

Gbígbẹ òdòdó rẹ̀ pa mọ́

Oṣù Kejìlá àti Kìíní ló dára jù, torí ọyẹ́ ń bá yín ṣiṣẹ́. Ẹ dúró di ìgbà tí òdòdó funfun inú rẹ̀ bá ti là, tí ewé aláwọ̀ náà sì dún bíi bébà bí ẹ bá fọwọ́ rà á. Èyí tó kéré jù yóò ká jọ. Ẹ gé e lówùúrọ̀ lẹ́yìn tí ìrì ti gbẹ, ẹ já ewé tútù àti ẹ̀gún kúrò, ẹ so ẹ̀ka márùn-ún pọ̀, kí ẹ fi orí rẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀ nínú yàrá tó ṣókùnkùn tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹlésè àlùkò ló ń pa àwọ̀ mọ́ jù. Aláwọ̀ ọsàn máa ń ṣí kó tó gbẹ. Ẹ má gbé e sí ẹnu fèrèsé, oòrùn yóò fà á. Bí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kó o sínú páálí kí ẹ sì gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù, torí ọ̀rinrin oṣù Kẹfà máa ń mú un rọ̀, á sì hu funfun lára.