Bí A Ṣe Ń Kọ́lé sí Àbújá Tí Kátapílà Kò Fi Ní Í Wá Wó O

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Ìbàdàn tàbí Ọ̀tà máa ń rò pé ojú òun ti là. Àbújá ò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1976 tí òfin ti dá olú-ìlú tuntun sílẹ̀ ni gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ti di ti ìjọba àpapọ̀, mínísítà ló sì ń pín in lórúkọ Ààrẹ. Kò sí ọmọ onílẹ̀ níbí. Ìwé tí mai unguwa, ìyẹn baálẹ̀ àdúgbò, bá fọwọ́ sí fún yín ní Kuje, òǹtẹ̀ ì báà kún inú rẹ̀, kò sọ ilẹ̀ di tiyín. Ìwé kánsù náà ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ náà lọ sí AGIS, níbi tí wọ́n kó fáìlì ilẹ̀ Àbújá sí, kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn á sọ orúkọ ẹni tó ni ín, àti bóyá gbèsè owó ilẹ̀ ọdọọdún wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ. "Mo ti bá yín wò ó" tí agẹ́ǹtì ń sọ yẹn, ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ohun tí ilẹ̀ náà wà fún. Àwòrán ìlú Àbújá tí wọ́n parí ní 1979 ti ya ibi ilé sọ́tọ̀, ó ya ti ọ̀nà, ó ya ti igi àti odò. Níbi odò yìí gan-an ni ẹ ti ní láti la ojú yín. Oṣù kejì ni wọ́n mú mi lọ wo pulọ́ọ̀tì kan lẹ́bàá Lugbe. Ilẹ̀ tẹ́jú, owó rẹ̀ rọjú, odò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ò ju kòtò gbígbẹ tí ewúrẹ́ ń fò kọjá lọ. Oòrùn ló lé mi dé abẹ́ igi máńgòrò kan. Ẹrẹ̀ gbígbẹ lẹ̀ mọ́ èèpo igi náà dé ìbàdí mi, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sì há sí ẹ̀ka kan lókè ibẹ̀. Mo bi ẹni tó ń tà á pé kí ló gbé ẹrẹ̀ débẹ̀. Ó ní màlúù ló ń fara nu igi. Mo gbà pé màlúù ni, mo wọ ọkọ̀ mi, mo bá tèmi lọ. Oṣù kẹjọ ni kí ẹ máa wo ilẹ̀. Bí ẹ ò bá lè dúró, ẹ wo ara igi.

Ìwé ilẹ̀ kì í ṣe àṣẹ ilé kíkọ́ o. Òfin ètò ìlú ti 1992 ní kí ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ Development Control, ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ní Àbújá. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin fún iṣẹ́ yẹn ni kó ya àwòrán ilé náà. Bó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ fi àyẹ̀wò ilẹ̀ kún un. Bí ọdún méjì bá kọjá tí ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ ó tún àṣẹ náà gbà.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ kọ́ ẹ̀sítéètì ní tirẹ̀: tí ilẹ̀ ilé gbígbé bá ti ju hẹ́kítà 2 lọ, bí éékà márùn-ún, òfin yẹn ń béèrè ìwé tó ṣàlàyé ohun tí ilé náà máa ṣe sí omi, igi àti ilẹ̀ àyíká.

Bí bíríkìlà bá ti ta okùn, ẹ pe Development Control wá wò ó kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹni tó gba àṣẹ ilé ilẹ̀ tó wá ń gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e, ọ̀ràn ló ń dá.

Mararaba ńkọ́? Ìpínlẹ̀ Nasarawa nìyẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń pè é ní Àbújá ni. Ní 2003, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé ìpínlẹ̀ ló ni ètò ìlú rẹ̀, nítorí náà òfin 1992 yẹn ò dé ibẹ̀. Bí Kàdúná lẹ ń kọ́lé sí, KASUPDA, iléeṣẹ́ ètò ìlú ti ìpínlẹ̀ náà, lẹ máa bá.

Bí ẹ bá jí lọ́jọ́ kan tí ẹ rí ọ̀dà pupa lára ògiri, àmì pé Development Control fẹ́ wó o nìyẹn, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé fáìlì yín lọ bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà.