Bí mo ṣe gbé ààrò písà gun orí táyà n'Íbàdàn

Orí tírélà ni ààrò písà tí mo ń gbé lọ síbi ìnáwó wà. Bí mo bá ní "tírélà", kì í ṣe àwọn tó ń kó símẹ́ńtì gba Ojoo kọjá ni mò ń wí o. Pẹpẹ irin onítáyà méjì ni, ọkọ̀ kékeré ló ń fà á. "Ọmọlanke" ni jórinjórin tó bá mi ṣe é ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lórí.

Áàsù àlòkù, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, la fi bẹ̀rẹ̀, a rà á ní Gate pẹ̀lú sipíríǹgì rẹ̀. Kí owó lè dínkù, mo ní kí wọ́n jó áàsù mọ́ irin tààrà, kí n ta sipíríǹgì. Ẹ ó gbọ́ ibi tó já sí.

Baba tó mọ ààrò náà ti ń mọ ààrò búrẹ́dì kí wọ́n tó bí mi. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kó rí rìbìtì bí igbá tí a da ojú rẹ̀ dé, ẹnu kan, kí iná àti písà jọ wà nínú rẹ̀.

"Ọmọ mi, búrẹ́dì kì í bá iná gbélé. A ó kó iná jáde ká tó ti búrẹ́dì wọlé."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n eléyìí ò ní í pẹ́ níbẹ̀." Písà irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Naples ní Ítálì kì í lò ju ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ, nínú ooru tó lé ní 430 Celsius. Ahọ́n iná tó ń lá àjà ààrò ló ń se orí rẹ̀, bíríkì ilẹ̀ ló ń se ìdí. Baba rẹ́rìn-ín. "Àsun ni nígbà náà."

Ẹnu ààrò ò gbọdọ̀ ga jù. Inú tèmi ga ní ínǹṣì 16, ẹnu rẹ̀ jẹ́ 10. Bó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ooru á máa sá jáde. Bó bá kéré jù, èéfín á pa iná.

Amọ̀ ni Baba fẹ́ fi mọ ọ́n. Èmi ni mo ní símẹ́ńtì, nítorí ìkánjú. Símẹ́ńtì lásán kì í bá irú ooru yẹn ṣeré: á di lẹ́búlẹ́bú láàárín bíríkì. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ fà á lọ sí Akóbọ̀, kòtò ọ̀nà gbá a, kò sí sipíríǹgì tó máa gbà á mọ́ra, òrùlé ààrò là sí mẹ́ta ká tó débẹ̀. Baba ò bá mi wí. Wọ́n kàn béèrè pé ìgbà wo ni kí àwọn padà wá.

Lẹ́ẹ̀kejì, a lo amọ̀, iyanrìn àti bíríkì tí iná kì í bàjẹ́, a fi àwọ̀n wáyà wé e, a sì ra sipíríǹgì padà ní owó tó ju èyí tí mo tà á lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gbẹ. Lẹ́yìn náà, iná kékeré lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ká máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Omi inú amọ̀ ní láti rọra jáde. Bí iná ńlá bá ká a mọ́bẹ̀, á fọ́ ààrò láti inú.

Mo ra ìbọn tí wọ́n ń nà síni níwájú orí nígbà kòrónà, láti fi wọn ooru. Mo nà án sí ààrò, "HI" ló kọ. Mo rò pé ó ń kí mi ni. Àṣé "high" ló ń wí, pé ooru náà ti ga ju agbára òun lọ. Ooru ara èèyàn nìkan ló mọ̀! Ojú ni mò ń lò báyìí. Bí igi ayín gbígbẹ bá kọ́kọ́ gbiná, àjà ààrò á dúdú kirikiri. Tó bá yá, dúdú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná kúrò láti òkè wá sísàlẹ̀, bíríkì á tún mọ́. Màá wá wọ́n ìyẹ̀fun díẹ̀ sílẹ̀ ààrò: bó bá dúdú kí n tó ka ení, èjì, ó ti gbóná jù.

Wàrà tí mo fẹ́ fi rọ́pò mozzarella, ṣíìsì olówó gọbọi tó ń yọ́ lórí písà, kọ̀, kò yọ́. Ó kàn pọ́n, ó jókòó. Mo padà sí mozzarella, ṣùgbọ́n mo ṣì ń fi wàrà sórí písà alásun, òun sì ni wọ́n ń béèrè jù.

Àwọn wòlé-wòlé ò yọ mí lẹ́nu: omi ìfọwọ́ àti ìwé àyẹ̀wò ara àwọn ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ rí.

Ìyẹ̀fun pípò ló fojú mi rí màbo. Kílò kan ìyẹ̀fun, gíráàmù 600 omi, 25 iyọ̀, yíìsì 2. Ó ń fún mi ní písà mẹ́fà. Níbi ìgbéyàwó kan, aago méjìlá ni wọ́n kọ sínú ìwé ìpè, aago mẹ́rin ni wọ́n tó pe oúnjẹ. Nígbà tí mo ṣí abọ́, ó ti wú, ó ti wó, ó ń rùn bí omi ògì tó kan. Ìyá ìyàwó wá dúró tì mí. "Àǹtí, ṣé ó ti tán ni, àbí ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀?"

Inú kúlà oníyìnyín ni gbogbo rẹ̀ ń gbé báyìí, kúlà kan ni mo sì ń ṣí lẹ́ẹ̀kan, wákàtí kan kí n tó lò ó. Alága ìdúró lè máa sọ̀rọ̀ lọ. Bí n kò bá tíì rí i kí wọ́n máa to abọ́ ìrẹsì, kúlà mi kì í ṣí.