Àṣìṣe tí ọmọ tó wà lábẹ́ probation máa ń ṣe tó bá fẹ́ gba òmìnira lọ́wọ́ òbí ní California

Ní California, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lè bẹ kóòtù pé kí wọ́n mú àṣẹ òbí kúrò lórí òun, kí òun máa dá gbọ́ bùkátà ara òun. Emancipation ni wọ́n ń pè é; ọmọ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 14 kó tó lè béèrè fún un. Ọmọ tó ti ṣẹ̀ sófin, tí adájọ́ fi sábẹ́ probation (ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣọ́ ọ, ó sì gbọ́dọ̀ pa àwọn àṣẹ tí kóòtù fún un mọ́), lè rò pé ọ̀nà àbáyọ nìyí. Rárá o. Ọwọ́ òbí ni ìwé yìí ti ń gbà á, kì í ṣe ọwọ́ kóòtù. Probation rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà, bẹ́ẹ̀ náà ni owó gbà-máà-bínú tí wọ́n ní kó san fún ẹni tó ṣẹ̀.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni kí ọmọ kó ẹrù jáde láìsọ fún òṣìṣẹ́ probation rẹ̀. Òfin ní kí ẹni tó ń béèrè òmìnira ti máa gbé lọ́tọ̀, kí òbí sì fara mọ́ ọn. Ọmọ á gbọ́ èyí, á gba ilé ọ̀rẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀, ìwé probation rẹ̀ lè ti dárúkọ ilé tó gbọ́dọ̀ máa sùn àti aago tó gbọ́dọ̀ wọlé. Lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ sùn síta, ó ti rú àṣẹ kóòtù, ó sì lè ti ibẹ̀ dé àtìmọ́lé àwọn ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ́kọ́ bá a gba àyè lórí ìwé.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ probation pa mọ́, torí ẹ gbọ́ pé àṣírí ni fáìlì ọmọdé. Bí ọmọ bá wà lábẹ́ àṣẹ kóòtù, wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ẹ̀ka probation létí kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ òmìnira rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù á tún sọ fún iléeṣẹ́ ìjọba àgbègbè náà tó ń rí sí owó ìtọ́jú ọmọ. Òmìnira tí wọ́n fi irọ́ gbà tàbí tí wọ́n fi òótọ́ tó ṣe kókó pa mọ́ gbà, kóòtù lè wọ́gi lé e.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Fọ́ọ̀mù EM-115 ń béèrè iye tó ń wọlé àti iye tó ń jáde. Òfin sọ ọ́ gbangba pé owó náà ò gbọdọ̀ ti inú ìwà ọ̀daràn wá. Ọmọ tó kọ owó ilé àti owó oúnjẹ síbẹ̀, tí kò ní ìwé owó oṣù kankan láti fi hàn, tó sì ti ní ẹjọ́ olè lọ́rùn, kí ló fẹ́ sọ tí adájọ́ bá ní, "Níbo lowó yìí ti wá?" Kó ti kó ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ jọ kó tó lọ.

Àwọn kan tún gbà pé ẹni tó bá ti gba òmìnira ti di àgbàlagbà níwájú òfin ọ̀daràn. Àìgbọràn sí òbí nìkan ò lè gbé e dé kóòtù ọmọdé mọ́ lóòótọ́, àmọ́ bó bá jalè kó tó pé 18, kóòtù ọmọdé náà ló ń lọ. Bó bá ti pé ọdún 16, ìjọba lè bẹ adájọ́ kóòtù ọmọdé pé kó gbé ẹjọ́ ńlá lọ sí ti àgbà, yálà ọmọ gba òmìnira tàbí kò gbà á.

Tó bá jẹ́ oṣù díẹ̀ ló kù kí probation parí, èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó sáré lọ kọ ìwé yìí. Fún ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣẹ̀, ọmọ tó bá parí probation rẹ̀ dáadáa, adájọ́ á fagi lé ẹjọ́ náà, á sì ti fáìlì rẹ̀ pa.