Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbi kíkọ́ ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun ní Nọ́wè àti Swídìn

Ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ wá. Wọ́n á rí pápá tó tẹ́jú, tó jìnnà sí ìlú, wọ́n á da kọnkéré sí i, kí wọ́n tó bi ara wọn pé níbo ni ìpele àkọ́kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tó ń kọ́kọ́ jó, máa já sí bí epo inú rẹ̀ bá tán. Ẹ tẹ́ máàpù kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì. Ẹ fa ìlà ọ̀nà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa gbà, ẹ sàmì sí ibi tí ìpele àkọ́kọ́ àti ìdérí tó bo sátẹ́láìtì máa bọ́ sí, kí ẹ wá wo ẹni tó ń gbé tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní Andøya, erékùṣù kan ní àríwá Nọ́wè, òkun ló wà níwájú. Nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Spectrum ti Isar Aerospace, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì, gbéra ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta 2025, tí apá kò sì ká a mọ́, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Omi ló bọ́ sí, kò sẹ́ni tó fara pa. Esrange, ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́bàá Kiruna ní Swídìn, kò ní òkun níwájú. Ilẹ̀ ìjábọ́ rẹ̀ fẹ̀ tó 5,200 kìlómítà níbùú-lóròó, àmọ́ àwọn Sámi, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ń da reindeer (ẹran ọ̀sìn tó jọ àgbọ̀nrín) wọn níbẹ̀, rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá sì ń gbé sátẹ́láìtì lọ yí ayé po gbọ́dọ̀ ré ilẹ̀ Nọ́wè kọjá. Ní oṣù Kẹrin 2023, rọ́kẹ́ẹ̀tì ìwádìí kan láti ibẹ̀ ṣìnà, ó balẹ̀ sórí òkè ní nǹkan bí kìlómítà 15 sínú Nọ́wè. Kò pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìjọba Nọ́wè bínú pé wọn ò fi tó àwọn létí bó ṣe yẹ.

Ìwé ìkìlọ̀ tí a fi ránṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó dé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 1995, Nọ́wè ti kìlọ̀ fún Rọ́ṣíà kí wọ́n tó yin rọ́kẹ́ẹ̀tì ìwádìí láti Andøya. Ìkìlọ̀ náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo rédà, ó sì di ohun tí wọ́n gbé àpótí tí wọ́n fi ń pàṣẹ bọ́ǹbù átọ́míìkì wá síwájú Yeltsin, ààrẹ Rọ́ṣíà nígbà náà, fún. Ẹ gba èsì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ti ọkọ̀ ojú omi àti orílẹ̀-èdè tó múlé gbè yín, kí ẹ sì tún pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má sì gbàgbé àwọn apẹja. Oṣù Kìíní sí Ẹkẹrin ni ẹja cod ń wọ́ wá sí agbègbè yẹn, òun ni wọ́n ń sá gbẹ tó ń dé ọjà wa. Ẹni tó bá ti òkun pa mọ́ wọn lásìkò yìí láìbá wọn sọ̀rọ̀ ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ìjà.

Níbi ọ́síjìn olómi, èyí tí rọ́kẹ́ẹ̀tì fi ń jó epo, ni àìbìkítà ti ń pa ènìyàn. Ó tutù tó -183°C. Irin lásán máa ń ṣẹ́ bí àwo tánganran nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà tàbí alumíníọ́mù ni kí ẹ lò. Gíríìsì díẹ̀ láti ara ìbọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ tó láti gbiná lẹ́nu páìpù. Kí ẹ tó de páìpù, ẹ fi aṣọ funfun nu ẹnu rẹ̀, ẹ tan iná ultraviolet, èyí tó ń mú kí gíríìsì tàn, sí i. Bí aṣọ bá dọ̀tí tàbí tí nǹkan kan bá ń tàn, ẹ tún un fọ̀. Ìrì tó bá wọ inú páìpù á dì sínú fáàfù (ohun tó ń ṣí, tó sì ń pa ọ̀nà inú páìpù dé), fáàfù ò sì ní lè pa dé mọ́, nítorí náà ẹ fi nítírójìn gbígbẹ fẹ́ inú rẹ̀ ṣáájú. Láàárín fáàfù méjì tó lè pa dé pọ̀, ẹ fi èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ bí agbára bá pọ̀ jù sí i. Lítà kan ọ́síjìn olómi ń di afẹ́fẹ́ bíi lítà 860. Bí kò bá ríbi jáde, páìpù ni yóò bẹ́.

Ẹ má ṣèlérí gbogbo ọ̀nà ayípo, ìyẹn ọ̀nà tí sátẹ́láìtì ń gbà yí ayé po, fún oníbàárà. Láti ibi tó jìnnà sí àríwá bí Andøya àti Esrange, ọ̀nà tó tẹ̀ lé ìlà agbedeméjì ayé kò ṣeé dé láìfi epo ṣòfò. Ọ̀nà tó ń gba orí ọ̀pá ayé kọjá ni ọjà yín.

Ẹ má sì ra epo ìgbìyànjú kan péré. Afẹ́fẹ́ ló dá Spectrum dúró ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 2025, ọ́síjìn olómi sì máa ń gbẹ lọ bí a ṣe ń dúró. Ẹ ra ti ìgbìyànjú mẹ́ta, torí ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ lè há sínú yìnyín lójú ọ̀nà.