Ìwọ́de lórí Ọ̀wọ́ngógó ní Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ Kọ Iye Tí Ẹ Fẹ́

Kí ẹnikẹ́ni tó ra páálí, ẹ mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Owó ìrànwọ́ orí epo tí Ààrẹ Tinubu kéde ní 29 May 2023 pé ó ti lọ, Àbújá ló ni ín; alága káńsù ní Kínńírá kò lè yọ kọ́bọ̀ lórí lítà epo. Aṣojú yín nílé aṣòfin àgbà ni kí ẹ kọ̀wé sí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ni ti káńsù. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀, Ìbàdàn ni.

Ohun tí ẹ ń béèrè kò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ, kí iye sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní "ìyà ń jẹ wá", "ẹ pẹ̀lẹ́" ni yóò gbà lọ sílé. Àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde lòdì sí owó orí láyé ìjọ́sí, ò sọ bẹ́ẹ̀: "Ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san," ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Pọ́n-ùn méjì, ìyẹn ogójì ṣílè, ni owó orí wá já sí. Kò wálẹ̀ tó bí wọ́n ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ná an. Ìlú yìí náà ò sì gbàgbé 1969, tí rògbòdìyàn owó orí yẹn gba ẹ̀mí Ṣọ̀ún, ọba ìlú.

Nínú ìwé tí ẹ ó kọ sí ọlọ́pàá, ẹ kọ ọjọ́, aago ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, nọ́ńbà fóònù àwọn aṣáájú, àti gbogbo òpópónà tí ẹ ó gbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí ẹ gbé e dé tẹ́ṣàn nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ yín pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lára rẹ̀; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè ní àwọn ò rí ìwé kankan. Ẹ kọ "a fi ń tó yín létí", ẹ má kọ "a ń tọrọ àyè". Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ti dá a ní 2007 pé ìwọ́de ò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, Òfin Ọlọ́pàá 2020 sì ní kí wọ́n dáàbò bo ẹni tó bá ti fi tó wọn létí.

Aago mẹ́jọ ni kí ẹ gbéra, kí oòrùn tó mú. Fún àádọ́ta èèyàn, ẹ yan alámòójútó kan, kó so aṣọ funfun mọ́ apá. Ẹ yẹra fún àwọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní Tákíè, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan sílẹ̀ fún ọkọ̀ aláìsàn.

Ìgbẹ̀yìn ló máa ń bàjẹ́ jù. Àwọn àgbà á fi ìwé ohun tí ẹ ń béèrè jíṣẹ́ tán, wọ́n á gba ilé lọ, àwọn ọ̀dọ́ á ṣẹ́ kù sí oríta láìlólórí, jàǹdùkú á sì rí àyè wọlé. Àwọn alámòójútó ni kó kúrò kẹ́yìn, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣa ọ̀rá omi tán nílẹ̀.