Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Fèrè Kọ́ Ajá Kó Máa Sáré Wá

Bí a bá pe ajá tí kò wá, a máa ń sọ pé alágídí ni. Ó ṣọ̀wọ́n kó rí bẹ́ẹ̀. Ìpè náà ti lè di ariwo lásán létí rẹ̀, ó sì lè ti di àmì pé eré parí, okùn ló kàn.

Ọ̀nà méjì ni ẹ̀kọ́ yìí ń gbà wọlé. Èkíní ni èyí tí Ivan Pavlov, ọmọ Rọ́ṣíà tó gba Ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1904, rí lára àwọn ajá rẹ̀: bí ohun kan tí kò kan ajá tẹ́lẹ̀ bá ń ṣáájú oúnjẹ léraléra, bó pẹ́ bó yá, ohun yẹn nìkan á máa mú itọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Èkejì ni ti Edward Thorndike, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ọmọ Amẹ́ríkà, tó ń ti ológbò mọ́ inú àpótí kó lè wo bí yóò ṣe rí ọ̀nà jáde, tó sì kọ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1898. B. F. Skinner, onímọ̀ bíi tirẹ̀ tóun náà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ló wá fẹ ọ̀rọ̀ náà lójú lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé ìwà tó bá mú èrè wá ni ẹ̀dá ń tún hù. Nínú ti èkíní, ajá kò ní ohunkóhun í ṣe kí ẹran tó dé. Nínú ti èkejì, ohun tó bá ṣe ló máa sọ bóyá yóò jẹ.

Ti èkíní la ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fò ó, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́.

Ẹ wá fèrè tí ajá náà kò gbọ́ rí. Ìró tó ti gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà láìsí ohun tó tẹ̀lé e máa ń ṣòro láti fún ní ìtumọ̀ tuntun. Ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè látàárọ̀ dalẹ́, kò fi dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ se ẹran, ẹ gé e wẹ́wẹ́, kó má tóbi ju èékánná ìka kékeré lọ, kó lè gbé e mì kíá. Ẹ yọ ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Fún ìta, ẹ ní okùn gígùn tó tó mítà 10. Ẹ má so ó mọ́ ọrùn, bẹ́líìtì tó gba àyà rẹ̀ kọjá ni kẹ́ ẹ so ó mọ́.

Ẹ lọ sí yàrá tó pa rọ́rọ́. Ẹ fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, kúkúrú kúkúrú, ẹ dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá kan, kẹ́ ẹ wá fún un lẹ́ran. Kò pọn dandan kó ṣe ohunkóhun kó tó rí i gbà. Ẹ ṣe é nígbà 10 sí 15 níjokòó kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí àlàfo àárín wọn dọ́gba: lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 10, lẹ́yìn 40, lẹ́yìn 25, kó má baà jẹ́ pé àkókò ló ń ṣọ́.

Ọwọ́ yín gan-an ni kẹ́ ẹ kíyè sí jù. Bí ọwọ́ bá ti wọ àpò kí fèrè tó dún, ojú ajá á ti wà lára àpò yẹn. Ọwọ́ ti sọ fún un pé ẹran ń bọ̀, fèrè kò ní ìròyìn kankan mọ́. Bí fèrè àti ẹran bá dé pa pọ̀, tàbí tí ẹran bá ṣáájú, bákan náà ni. Ọwọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, fèrè á dún, ìgbà náà ni ọwọ́ á tó rìn.

Láti mọ̀ bóyá ó ti yé e, ẹ dúró títí yóò fi kọjú síbòmíràn, kẹ́ ẹ fọn ún. Bí ọrùn bá yí wìrì sọ́dọ̀ yín, ó ti yé e. Bó bá jẹ́ etí nìkan ló mì, ẹ fi ọjọ́ kan sí i.

Láti ìsinsìnyí lọ, wíwá ni yóò máa gba èrè. Ẹ dúró ní mítà 2 sí i, ẹ fọn fèrè. Bó bá dé, ẹ fi ọwọ́ kan di bẹ́líìtì rẹ̀ mú, kẹ́ ẹ fi èkejì fún un lẹ́ran láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ má fo dídìmú yẹn: ajá tí a kì í fọwọ́ kàn àfi tí a bá fẹ́ mú un lọ sílé yóò kọ́ láti dúró sí ibi tí ọwọ́ kò ní tó o. Bí ẹ bá sì ń tú ọ̀rá lọ́wọ́, tó jókòó, tó fẹsẹ̀ họ etí kí ẹran tó dé ẹnu rẹ̀, etí híhọ lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó fún.

Bó bá wá ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ nínú mẹ́wàá, ẹ lọ sí mítà 5, lẹ́yìn náà 10, kẹ́ ẹ tó jáde síta pẹ̀lú okùn. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa mú le lẹ́ẹ̀kan náà: bí ajá mìíràn bá wà nítòsí, ẹ sún mọ́ tiyín. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni kẹ́ ẹ máa fọn ọ́n. Bí kò bá wá, ẹ rìn lọ bá a, ẹ ká okùn kúrú, ẹ tún un ṣe nítòsí. Ajá tí a ń fọn fèrè fún nígbà márùn-ún ti kọ́ pé mẹ́rin àkọ́kọ́ kò kan òun.

Nígbà tó bá ti múlẹ̀, ẹ lè dín ẹran kù: lẹ́ẹ̀kan nínú méjì, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, kó má lè mọ èyí tó kàn. Èrè tí a kò mọ ìgbà tó ń bọ̀ ló ń mú ìwà pẹ́ jù (òun náà ló ń mú wa ṣí fóònù nígbà tí ohunkóhun kò dún). Nígbà tí kò bá sí ẹran, ẹ jẹ́ kó padà lọ ṣeré. Èrè nìyẹn náà.

Ohun tó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni lílu ajá tó pẹ́ kó tó dé. Lójú rẹ̀, dídé ló jẹ ẹ́ níyà, fèrè sì ti di àmì ìrora. Ẹ má sì fi fèrè pè é wá wẹ̀. Bí fèrè bá ti bàjẹ́ báyìí, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ fi ìró mìíràn bẹ̀rẹ̀; ó yá ju àtúnṣe lọ.

Bí ẹ bá sì fẹ́ pa ìwà kan rẹ́, bíi gbígbó nídìí oúnjẹ, ẹ dá èrè rẹ̀ dúró pátápátá. Gbígbó náà á kọ́kọ́ le sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń juwọ́ sílẹ̀, wọ́n á fún un ní òkèlè kan, wọ́n á sì ti kọ́ ọ pé ariwo tó ga ju ti àná lọ ló ń ṣiṣẹ́. Kí gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ó lè dákẹ́ tán, kó tún gbó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Pavlov náà rí irú rẹ̀. Ẹ má fún un ní nǹkan kan. Ó máa ń yára dákẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.