Bí mo ṣe fi fóònù mi ṣọ́ ẹsẹ̀ mi nígbà Kòrónà

Oògùn ni mo máa ń gbé kiri fáwọn àgbàlagbà nílùú Ìbàdàn lọ́dún 2020: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ìtọ̀ ṣúgà, àtàwọn míì tí ẹni tó ń lò ó kì í fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́ sí. Nígbà tí Kòrónà gbòde, ọ̀gá wa ní ká máa fi ibi tá a bá wà hàn lórí WhatsApp, kí gbogbo wa lè máa rí ara wa. Ire ni wọ́n rò, torí bí ọ̀kan nínú wa bá kó àrùn náà, ó yẹ ká mọ àwọn tá a máa kìlọ̀ fún. Àmọ́ ilé tí mo bá wọ̀, ilé aláìsàn ni. Ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà tí mo rìn ti mọ ẹni tó ń lo oògùn, àṣírí yẹn kì í sì í ṣe tèmi tí màá fi máa pín in. Mo bẹ ọ̀gá pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa kọ ọ́ pa mọ́ sórí fóònù tèmi nìkan. Wọ́n gbà.

GPSLogger ni mo lò, áàpù ọ̀fẹ́ kan tó ń gba ibi téèyàn wà látọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, tó sì ń kọ ọ́ sínú fáìlì lórí fóònù. Kò nílò dátà. Ó níbi téèyàn ti lè ní kó máa fi fáìlì ránṣẹ́ síbòmíì. Mi ò débẹ̀ rárá. Mo tún pa Location History ti Google, tó ń kọ ibi téèyàn ń lọ pa mọ́ sọ́dọ̀ Google, kí n má bàa ti ilẹ̀kùn kí n wá ṣí fèrèsé sílẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kó máa kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Bátìrì kú kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, iná ò sì sí. Mo sún un sí ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ìyẹn tó, torí ẹni tó bá wà láàárín mítà kan sí aláàrùn fún ohun tó ju ìṣẹ́jú 15 lọ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń wá nígbà yẹn. Ibi tí mo bá jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ á ti ní ìlà mẹ́ta, ó kéré tán. Lọ́jọ́ kejì, fóònù fúnra rẹ̀ ló pa áàpù náà kó lè ṣọ́ bátìrì lò. Odindi wákàtí mẹ́rin ló ṣófo. Mo lọ sí settings bátìrì, mo yọ áàpù náà kúrò lára àwọn tí fóònù lè pa. Ẹ má fo ibẹ̀ yẹn o, òun ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù.

Ohun tó wà nínú fáìlì náà ò pọ̀: aago àti nọ́ńbà méjì tó ń sọ ibi tí mo wà; ní Bódìjà, ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 7.4, ìkejì bẹ̀rẹ̀ láti 3.9. Kò mọ ẹni tá a jọ jókòó. Torí náà, mo ra ìwé kékeré kan: "Tuesday, Micra, Mọ́kọ́lá sí Òjòó, 10:20, ìyá tó ró òfì lápá ọ̀tún," pẹ̀lú nọ́ńbà ọkọ̀. Ní gbogbo alẹ́ Sunday, mo máa ń pa èyí tó bá ti ju ọjọ́ 14 lọ rẹ́, torí ọjọ́ tí wọ́n ní àrùn náà lè fi sá pa mọ́ sára èèyàn kó tó hàn nìyẹn.

Ní oṣù Keje, ara mi gbóná, mi ò sì gbóòórùn ata díndín tó wà níwájú mi. Wọ́n yẹ̀ mí wò, Kòrónà ni. Ọmọbìnrin kan pè mí látọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọpa àrùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Láti ọjọ́ méjì ṣáájú kí ara yín tó gbóná, ta lẹ jọ jókòó pẹ́?"

Orí ń fọ́ mi. Ilé méjì péré ni mo rántí. Mo ṣí fáìlì, mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ìlà méje tò tẹ̀ lé ara wọn lójú kan ní Agodi: òjò ló dá mi dúró lọ́jọ́ náà, tí èmi àti màmá kan jọ jókòó ní pálọ̀ wọn, tí wọ́n sì fún mi ní àgbàdo sísè. Mo ti gbàgbé pátápátá.

"Ṣé ẹ lè fi fáìlì yẹn ránṣẹ́, mà?"

"Rárá, àbúrò mi. Ẹ fún mi di ìrọ̀lẹ́, màá fún yín ní orúkọ."

Mo kọ́kọ́ pe ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra mi. Bàbá kan ní àwọn ò kọ̀, àmọ́ kí wọ́n má gbé mọ́tò onísírénì wá sójúlé àwọn. Ọmọbìnrin náà gbà. Mọ́tò lásán ni wọ́n gbé lọ. Lọ́dún 2014 tí Ebola wọ Nàìjíríà, èèyàn 894 ni wọ́n tọpa wọn, ojúlé dé ojúlé, bẹ́ẹ̀ bí onílé ò bá ṣílẹ̀kùn, iṣẹ́ yẹn ò ṣeé ṣe. Ti ọjà Bódìjà tí mo tún dé, mo gé nọ́ńbà rẹ̀ ku mẹ́ta lẹ́yìn àmì ìdánudúró (.) inú rẹ̀ kí n tó fún wọn, tó jẹ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà. Wọ́n á fi mọ apá ibi tí mo dé nínú ọjà, wọn ò ní fi nàka sí ìsọ̀ ẹnì kankan.

Ní Singapore, títọpa àrùn ni wọ́n torí ẹ̀ gbé áàpù TraceTogether jáde lóṣù Kẹta 2020. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní 2021, ìjọba sọ pé ọlọ́pàá náà lè lò ó. Ohun tí mo ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

Màmá Agodi ló gba ìpè tó kẹ́yìn lọ́wọ́ àwọn tó ń tọpa, lọ́jọ́ tí ọjọ́ 14 wọn pé. Wọ́n pè mí lẹ́yìn náà, wọ́n ní ara àwọn le, àgbàdo ṣì wà. Mo pa fáìlì rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ya ojú ìwé mẹ́rin kúrò nínú ìwé kékeré náà, mo sì fi koná àdògán.